Ẹ̀yìn Tí Mo Fi Pọ̀n Ọ́

Ọkọ mi,

Mo ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Aládùúgbò mi ní kí òun bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo ní ṣé òun ló bí ìyá rẹ ni? Kíláàsì mẹ́ta tí mo kà tó mi láti fi bá ọmọ ọmọ mi sọ̀rọ̀. Mo kí ọ. Ṣé ara rẹ le? Má fi "dáadáa ni" dá mi lóhùn. Ohun tí àbúrò rẹ máa ń sọ nìyẹn.

Ilé dákẹ́. Irin ìdárayá tó máa ń gbé ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì ìránṣọ mi. Wọ́n ní kí n tà á. Mò ń nu eruku rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Tí mo bá gbìyànjú títí, màá kàn jókòó ti aṣọ náà.

O bi mí lórí fóònù ohun tó pa àbúrò rẹ, mo pa fóònù, torí n kì í sunkún sí ọmọdé létí. Ó gbé irin sókè, ó jù ú sílẹ̀, ó ní nǹkan ya láti àyà òun lọ sẹ́yìn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé irin fi ìpara gbígbóná pa á lẹ́yìn, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Baba, ara ríro lásán ni, má ṣe bí aláboyún!" Òun náà rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Dókítà ní iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn ló ya. Ó ti fẹ̀ tipẹ́, a ò mọ̀. Béèyàn bá sé èémí gbé ẹrù wúwo, ẹ̀jẹ̀ á máa fipá tì í. Ó bi mí bóyá ọwọ́ rẹ̀ gùn. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń fi aṣọ lé apá ẹ̀wù ẹ̀yin méjèèjì! Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní àìsàn kan wà tó ń mú ọwọ́ gùn, tó sì ń mú kí iṣan yẹn fẹ̀, ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, kí wọ́n ya àwòrán ọkàn rẹ kó o tó tún fọwọ́ kan irin tí ìwọ náà ń gbé.

O ní alágbára ni ọ́. Mo gbọ́. Alágbára ni òun náà, èmi ni mo sì rán aṣọ tí wọ́n fi sin ín.

O ò ní ṣíwájú mi. Ojú mi ò ní rí irú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀mí rẹ á gùn ju ọwọ́ rẹ lọ.

Èmi ni ìyá tó bí ìyá rẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan: nígbà tẹ́sẹ̀ rẹ kán, ẹ̀yìn mi lo gùn lọ síléèwé títí ó fi san. O ní, "Ìyá àgbà, tí mo bá dàgbà, èmi náà á pọ̀n yín." Mi ò wúwo tó irin. Ya àwòrán náà, kó o wá. Bí dókítà bá ní o ò gbọdọ̀ gbé ẹrù, wá ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún mi, mo gbà á dípò. Gbèsè lo jẹ mí. San án.