Màmá Attracta Cusack àti Ògiri Tó Wú

A bí Màmá Attracta Cusack ní ọdún 1938 ní ìlú Limerick, ní ilẹ̀ Ireland, nínú yàrá òkè pátápátá ilé alájà mẹ́rin tí wọ́n gbé títí dọjọ́ ikú. Ambrose Hanrahan, alágbàrù ní èbúté, ni bàbá wọn. Dympna, alágbàfọ̀, ni ìyá wọn. Ilé náà wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí eyín ṣe tò lẹ́nu: ògiri kan náà ni aládùúgbò méjì ń lò. Fèrèsé àjà kejì ga, ti òkè kéré, gíláàsì tó rí bí abẹ̀bẹ̀ sì wà lórí ilẹ̀kùn ìta.

Wọ́n kàwé lọ́dọ̀ àwọn Sísítà títí di 1952. Ní 1961, wọ́n fẹ́ Bàbá Fintan Cusack. Àwọn méjèèjì ló ra ilé náà, tí àwọn òbí Màmá ti háyà yàrá nínú rẹ̀.

Ní 1973, ó kan ilé wa láti gba Máàsì àdúgbò, èyí tí Fadá máa ń wá ṣe nínú ilé onílé. Ẹ mọ̀ pé kò sí ẹni tí í jẹ́ kí Fadá bá ilé òun ní dídọ̀tí. Bàbá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú ilé kí ó lè dán. Ṣùgbọ́n amọ̀ funfun àtijọ́ ni wọ́n fi mọ ilé náà, irú èyí tí ń jẹ́ kí ògiri mí, sìmẹ́ńtì sì dí i pa. Omi há sínú, igi inú ògiri jẹrà, iwájú ilé sì wú síta bí ikùn aboyún. Ìjọba ìlú ní kí a kó jáde. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ba Màmá: kí wọ́n má lọ kú sí ilé àjèjì.

Ẹnjiníà ní a lè fi irin fa ògiri náà mọ́ igi àjà, ṣùgbọ́n òpó ìtìlẹ́yìn gbọ́dọ̀ wọ pálọ̀ Mossie Guiry, alápatà tí ó múlé tì wá.

Mossie ní, “Attracta, ṣé èmi ni mo fún ilé yín lóyún ni?”

“Bí tèmi bá wó, Mossie, ta ni yóò di tìrẹ mú?”

“Ẹ gbà mí lọ́wọ́ obìnrin yìí! Ó dáa, ẹ wọlé. Ẹ má ṣáà ba kápẹ́ẹ̀tì ìyàwó mi jẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èmi lẹ ó kọ́kọ́ sin.”

Àwọn òṣìṣẹ́ ha sìmẹ́ńtì kúrò, wọ́n sì fi irin náà sí i, ìjọba sì jẹ́ kí a dúró sílé wa. Láti ìgbà náà, Màmá ni ẹni tí àdúgbò ń sáré wá bá tí ògiri bá ti là. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n tún fi to òdòdó sórí pẹpẹ ìjọ.

Nígbà tí àìsàn dá wọn dúbúlẹ̀, wọ́n ní kí a tún pe ẹnjiníà wá wo ògiri náà. Mossie fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀pá gun àtẹ̀gùn wá jíṣẹ́: “Ó ní kò mì rárá.”

Màmá rẹ́rìn-ín. “Lọ sọ fún ìyàwó rẹ pé mo kí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀.”

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, 9 oṣù kejì 2019, wọ́n sùn nínú Olúwa nínú yàrá tí a bí wọn sí. Bàbá Fintan ti ṣáájú wọn. Wọ́n fi àwa ọmọ wọn, Declan àti Noreen, sílẹ̀, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún.

Ẹkún wà, ṣùgbọ́n ọkàn wa balẹ̀. Abẹ́ gíláàsì alábẹ̀bẹ̀ ni a ó gbé yín gbà jáde lónìí, Màmá, bí ẹ ṣe fẹ́. Ògiri ṣì dúró. Ẹ máa sinmi.