Àmì Tó Wà Lára Bídọ̀n Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ọkàn mi ò balẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà sí yín. Mo ti dìde lórí àga yìí lọ wo òjò, mo padà wá, mo tún dìde. Ẹ mọ̀ mí, ara mi kì í gba ibì kan. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá ń fò síhìn-ín fò sọ́hùn-ún.

A ti hú yín kúrò ní Sakété. Bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, ó burú lójú mi, ṣùgbọ́n n ò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́ kó dùn. Wọ́n fẹ́ mú ọ̀nà tó gba iwájú ilé wa fẹ̀ sí i, ọ̀nà náà yóò sì gba ibi tí ẹ̀yin àti àbúrò yín, Bàbá Kékeré, dùbúlẹ̀ sí lábẹ́ sìmẹ́ńtì.

Àwọn tó ń wọn ọ̀nà ló kọ́kọ́ wá. Wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sára ògiri, ìyẹn ni pé wọn yóò wó o. Ìyá wa ò sí nílé nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n ti ìsìn dé nínú aṣọ funfun wọn, tí wọ́n rí àgbélébùú pupa lára ògiri, ńṣe ni wọ́n kúnlẹ̀ sójú títì. Wọ́n rò pé àwọn ará ìjọ ló wá fi àmì ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ àgùntàn sára ilé wa, bíi ti alẹ́ tí ikú ré àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kọjá. Wọ́n kọrin, wọ́n pe aládùúgbò wá bá wọn yọ̀. Èmi tí mo ti ilé mi ní Pobè dé ni mo wá sọ ohun tí àmì náà jẹ́ fún wọn. Bàbá mi, irú ẹnu wo ni ẹ̀yin ì bá fi sọ ọ́?

"Àgbélébùú lèmi rí o," ni Ìyá wa wí, wọ́n sì wọlé lọ dáná.

Mo bínú sí àmì yẹn gan-an. Bóyá nítorí pé tiyín ni mo mọ̀ látilẹ̀ ni. Ẹ rántí irin tí ẹ máa ń kì bọ iná, tí ẹ fi ń jó àgbélébùú kékeré onírù sára gbogbo bídọ̀n epo yín, àwọn kẹ́ẹ̀gì tí ẹ fi ń kó epo lọ tà. Ní ọjà Takon, bí ọkọ̀ bá da bídọ̀n gbogbo ayé sílẹ̀ pa pọ̀, tí gbogbo wọn jẹ́ yẹ́lò, tí epo ti yí gbogbo wọn lára, kí ẹlòmíì tó bẹ̀rẹ̀ wo tirẹ̀, ẹ ti nawọ́. "Tèmi nìyẹn. Tèmi nìyẹn." Èyí tó bá ń jò, ẹ ó gbé e wálé, ẹ ó fi ọṣẹ dí i. Ìyá wa á máa ráhùn, ẹ̀yin á sì máa dí i lọ.

Mo rántí ọjọ́ tí a rí bídọ̀n yín tó ti sọnù níwájú ẹnì kan tó ń tà á. Àmì yín wà lára rẹ̀ ketekete. Ẹ ò jà, ẹ ò pariwo, ẹ fi owó yín ra ohun tó jẹ́ tiyín. Mo fi ìbínú rìn títí a fi délé, ẹ̀yin sì ń súfèé lọ níwájú. Títí di òní, bí ẹnì kan bá ti dárúkọ ìràpadà, bídọ̀n yẹn ni mo máa ń rí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀. A fọ́ sìmẹ́ńtì. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ sórí ibojì kankan, nítorí gbogbo wa ló rò pé a mọ̀. Ìyá wa ní ọwọ́ ọ̀tún lẹ wà, èmi ní ọwọ́ òsì ni. Igi máńgòrò tí a fi ń ṣàmì sì ti di igi ìdáná tipẹ́. Pósí méjèèjì ti jẹrà. A sin yín nínú aṣọ funfun láìwọ bàtà, bí ìjọ wa ṣe ń ṣe. Bàbá Kékeré tí kì í wá sí ìjọ àfi ọjọ́ ìkórè, nítorí ìrẹsì, aṣọ funfun yín kejì ni Ìyá wa wọ̀ fún wọn nígbà tí wọ́n kú. Kò sí òrùka, kò sí bàtà. Aṣọ kan náà tó ti pọ́n bí ilẹ̀ la bá nínú ihò méjèèjì.

Bàbá mi, n ò dá yín mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣa bídọ̀n yín láàrin ti gbogbo ọjà, ọmọ yín ò lè ṣà yín láàrin ẹni méjì. Mo sunkún níbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

Olùṣọ́ ìjọ rọra bèèrè èyí tó jẹ́ ọmọ ìjọ nínú wọn, kí àwọn lè gbàdúrà sí i. Ìyá wa ló dáhùn.

"Ẹ gbàdúrà sí méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́. Àwa kọ́ la ó ṣà wọ́n."

Ṣé ó dùn yín? Ṣé Bàbá Kékeré wà lọ́dọ̀ yín? Bó bá ṣe pé a ti kó egungun ẹsẹ̀ wọn mọ́ tiyín ńkọ́, ta ni yóò fi dìde lọ́jọ́ àjíǹde? Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó yẹ kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín.

Inú ibojì kan ṣoṣo ni ẹ̀yin méjèèjì wà báyìí, lẹ́yìn ilé mi ní Pobè, níbi tí oko ọ̀pẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mo wá irin yín jáde, mo tì í bọ iná, mo jó àmì yín sára pákó tó wà lórí yín. Ìrù rẹ̀ wọ́. Ìyá wa fi ìka tọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ní ó dára.

Ọkàn tiwọn ti balẹ̀. Tèmi ni kò balẹ̀, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, n ò tíì padà sí ìjọ, aṣọ funfun mi ò sì tíì jáde nínú àpò. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá da gbogbo wa sílẹ̀ pa pọ̀, ará Igana, ará Takon, ará Sakété, tí ilẹ̀ ti yí gbogbo wa lára, mo mọ̀ pé Olówó yín, Ẹni tó rà yín padà, yóò nawọ́ sí yín. Mo gbà pé yóò nawọ́ sí Bàbá Kékeré náà. Èmi ńkọ́? Ẹ̀yin tí ojú yín mọ àmì, ẹ bá mi wo ara mi dáadáa, bàbá mi. Ṣé ó wà níbẹ̀?

Èmi ni,
ọmọ yín tí ara rẹ̀ kì í gba ibì kan,
tiyín ni mo jẹ́.