Bí Ìjàpá Yín Ṣe Tún Dé Oǹdó

Bàbá, ó pé ọdún mẹ́fà lónìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko! Olúgbémiga Akínfọlárìn, ọmọ Oǹdó, ẹni tí àwọn àgbẹ̀ kòkó Ìjàrẹ́ àti Ìpògùn ń pè ní Bàbá Oníjàpá, ẹ kú àtijọ́.

Ohun púpọ̀ ti yí padà. Ilé yín ní Oǹdó ti gba òrùlé, a sì ti kùn ún. Ayọ̀kúnlé, ọmọkùnrin yín, ti di bàbá ọmọ méjì. Bùsáyọ̀, àkọ́bí yín, ti gboyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì tó ti ń kọ́ni ní Àkúrẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Ìjàpó sì ni Yèyé ń gbé báyìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìròyìn ló dùn-ún gbọ́. Ojú Yèyé ti ń ṣú. Àwọn dókítà ní ojú ọ̀tún ti lọ, ti òsì náà ò sì ní pẹ́.

Lóṣù tó kọjá, Yèyé pe Bùsáyọ̀ jókòó.

"Kí ojú kan tó kù yìí tó lọ, mo fẹ́ fi wo ọ̀nà Oǹdó láti inú ọkọ̀ bàbá rẹ. Òun ló fi gbé mi wọlé níyàwó. Ọjọ́ ìrántí rẹ̀ ni kí ẹ fi gbé mi lọ."

Bàbá, ọkọ̀ Ìjàpá yín ni o, ẹlẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, èyí tí ẹ rà lọ́dún 1974! Láti ìgbà tí ẹ ti lọ ló ti wà lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé Bùsáyọ̀ ní Ìjàpó. Eku ti jẹ àga rẹ̀. Koríko ti hù gba abẹ́ rẹ̀ jáde.

Ayọ̀kúnlé ní òun ò gbà. "Ẹ jẹ́ ká ta irin yẹn. Mọ́tò tèmi wà níbí, ó tutù, ó sì ń sáré." Bùsáyọ̀ fárígá. Ẹ mọ̀ ọ́n, ohun tó bá ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn kì í jáde bọ̀rọ̀. Ó ránṣẹ́ pe Bàbá Jethro, mẹkáníìkì yín àtijọ́, tí irun rẹ̀ ti funfun tán báyìí.

Jethro rá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó nu ọwọ́. "Ẹ́ńjìnnì á jí. Búrékì ni kò sí. Mása rẹ̀, èyí tó ń ti òróró lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti jẹrà tán."

Ojúlówó rẹ̀ ò sì sí lọ́jà mọ́. Àwòṣe ló kù, èyí tí àwọn ẹlòmíràn wo ti àtijọ́ kí wọ́n tó ṣe é. Òǹtajà páàtì kan gbé méjì síwájú wọn. Ọ̀kan ń dán bíi dígí, páálí búlúù rẹ̀ jọ èyí tí ẹ máa ń kó ìṣó sí lójú fèrèsé yín gẹ́lẹ́, orúkọ àtijọ́ yẹn náà sì wà lára rẹ̀. Ìkejì dúdú, kò dán, orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí ni wọ́n kọ sí i.

Jethro fi ìka ti irin inú méjèèjì wò. "Dúdú yìí ni ká mú. Ẹlẹ́wà yẹn ń há díẹ̀."

"Ṣùgbọ́n èyí ni Bàbá mi ń lò!"

"Dókítà, páálí lẹ̀ ń kà. Ẹ ka irin."

Bùsáyọ̀ ò gbọ́. Ó rí páálí búlúù, ó sì ṣe é bíi pé ẹ̀yin lẹ nawọ́ rẹ̀ sí i. Bàbá, àárò yín ló bá a yan páàtì lọ́jọ́ náà.

Jethro dè é mọ́ ọkọ̀ láìjiyàn mọ́. Họ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n rà mọ́ ọn gùn jù, tí wọ́n bá yí táyà délẹ̀, ó ń ha á. Jethro tú u, ó wá èyí tó kúrú fi dípò. Wọ́n fa afẹ́fẹ́ jáde nínú òróró. Búrékì le dáadáa. Bùsáyọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ń wo Jethro bí ẹni tó jàre.

Ní Sátidé, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà kí ìrántí yín pé, wọ́n gbé e jáde. Bùsáyọ̀ ló ń wà á, Jethro jókòó tì í. Wọ́n yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀kan, kò sí wàhálà. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, àwọn ọmọdé tó ti léèsìnnì dé sì ń sọdá nísàlẹ̀. Bùsáyọ̀ tẹ búrékì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé gbiri. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Òfo!

"Jíà!" Jethro pariwo, ó sì fa búrékì ọwọ́ sókè. "Já a sí jíà kejì!"

Ẹ́ńjìnnì ké. Àwọn ọmọ fọ́n ká, àfi ọmọbìnrin kan tó dúró sójú títì, tí ẹ̀rù ò jẹ́ kó lè gbẹ́sẹ̀. Bùsáyọ̀ yí ọkọ̀ sí ọ̀tún pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ìjàpá gun òkìtì yanrìn tí ẹnì kan fẹ́ fi kọ́lé, ó fò sókè, ó balẹ̀, ó kú. Ọmọbìnrin náà ṣì wà lójú títì, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Kò sí ohun tó ṣe é. Bàbá, kò sóhun tó ṣe é!

Jethro ló ń tú ìka Bùsáyọ̀ kúrò lára sítíárìn, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí wọ́n tú mása náà palẹ̀, ròbà inú rẹ̀ ti wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi, kò lè ti òróró lọ mọ́. Jethro gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí Bùsáyọ̀.

Ayọ̀kúnlé dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó bá iwájú ọkọ̀ tó tẹ̀, inú bí i, ó kọjú sí Jethro. "Bàbá, irú iṣẹ́ wo lẹ ṣe yìí? Ṣé ẹ fẹ́ pa Yèyé wa ni? Bí iṣẹ́ bá ti ju agbára yín lọ, ẹ sọ!"

Jethro tẹ orí ba. Kò gbèjà ara rẹ̀. Bùsáyọ̀ dúró síbẹ̀. Tó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà á kú sórí arúgbó yìí, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó wo Yèyé lórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo ọwọ́ Jethro tó kún fún gírísì.

"Ayọ̀kúnlé, fi wọ́n sílẹ̀. Èmi ni mo yàn án. Bàbá Jethro ní kí n má mú un, mo fi agídí mú un. Ọmọ ọlọ́mọ ni ǹ bá pa lónìí."

Ó kúnlẹ̀ fún Jethro. Ẹkún ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Jethro ní, "Ẹ dìde, Dókítà. Bàbá yín náà ṣàṣìṣe lọ́wọ́ mi rí."

"Ẹ jẹ́ ká fi mọ síbí, ẹ̀gbọ́n mi," ni Ayọ̀kúnlé wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ẹ jẹ́ ká tà á."

Yèyé kan ọ̀pá mọ́lẹ̀. "Ta ló máa wọ̀ ọ́? Ṣebí èmi ni! Ẹ de dúdú yẹn sí i. Bó bá dúró fún Jethro, á dúró fún mi. Ayọ̀kúnlé, bọ́ bàtà rẹ, ran ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́wọ́."

Bàbá, ẹ bá rí àwọn ọmọ yín méjèèjì! Bùsáyọ̀ nà gbalaja sábẹ́ ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jethro, ó mú sípánà lọ́wọ́, Ayọ̀kúnlé sì wà nídìí búrékì. "Tẹ̀ ẹ́! Mú un dání! Ó tó, fi sílẹ̀!" Títí wọ́n fi parí, wọn ò bá ara wọn jà. Lọ́jọ́ kejì, Jethro wa ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn nígbà ogún. Nígbà ogún náà ló dúró.

Láàárọ̀ òní ni a gbéra. Yèyé jókòó síwájú, Bùsáyọ̀ ń wà á, Jethro wà lẹ́yìn, Ayọ̀kúnlé ń tẹ̀ lé wa nínú mọ́tò tirẹ̀. Kí a tó dé odò Ọ̀wẹnà, ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣàdédé dúró níwájú wa. Ọkàn Bùsáyọ̀ já. Ó tẹ búrékì. Ìjàpá tẹrí ba, ó dúró ṣinṣin, ààyè ṣì ṣẹ́ kù láàárín wa. Yèyé ò tilẹ̀ mi. Ó ń wo odò. Ó ní omi ti kún, ó ní ó pupa.

Nígbà tí a dé Oǹdó, Yèyé gbé ọwọ́ lé ibojì yín, ó ní, "Bàbá Bùsáyọ̀, àwọn ọmọ rẹ ló gbé mi wá."

Lọ́jọ́ tí a sin yín, Bùsáyọ̀ ò sunkún. Ètò ló ń ṣe, àlejò ló ń bójú tó. Òní ló tó sun ún. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ké pè yín bí ọmọdé, Ayọ̀kúnlé sì jókòó tì í, ó dì í mú. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ní kó dákẹ́.

Bàbá, ọdún mẹ́fà ò mú un mọ́ wa lára. A ṣì ń wá yín. A ṣì fẹ́ràn yín, gbogbo wa pátá.