Òkúta Tó Já Lu Òṣùpá: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Sàlísù Fẹ̀hìntọlá

Nílùú Ẹ̀pẹ́, nínú ilé tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kan ọ̀sà, ni a bí bàbá wa, Sàlísù Fẹ̀hìntọlá, lọ́dún 1889. Súbérù, baba wọn, jẹ́ ọmọ àwọn tó kó kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́dún 1851. Àwẹ̀ró, ìyá wọn, ń yan ẹja tà. Wọ́n ní òṣùpá mọ́lẹ̀ lóru ọjọ́ tí a bí Bàbá débi pé ẹja ń rí àwọ̀n, ó sì ń yà fún un. Súbérù, tí í ṣe apẹja, kò rí ẹyọ ẹja kan pa, ọmọ tuntun ni wọ́n sì di ẹ̀bi náà rù.

Ilé kéú ni Bàbá lọ, wọ́n parí Kùránì lọ́dún 1904, wọ́n sì di apẹja. Lọ́dún 1915, wọ́n fẹ́ ìyá wa, Àpínkẹ́, ọmọ Ìbẹ̀ṣẹ̀, tí láfún wọn funfun ju ẹ̀gbọ̀n òwú lọ. Nítorí pé ojú Bàbá ríran jìnnà, àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí fi wọ́n ṣe ẹni tí ń wo oṣù lọ́dún 1926. Bí Bàbá kò bá tíì rí oṣù, àdúgbò wa kì í gba ààwẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ràn tó ipò yìí láyé.

Lọ́dún 1951, Bàbá fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan lọ sí èbúté Ìpakodò, ní Ìkòròdú. Bí ilẹ̀ ti ń ṣú, ọ̀gbẹ́ni náà kọ awò ìwọnlẹ̀ rẹ̀, tó ń mú ohun jíjìn súnmọ́ni, sí òṣùpá, ó ní kí Bàbá wò ó. Ihò ni wọ́n rí! Ihò róbótó-róbótó, tí etí wọn ga bí etí àwo, àti ilẹ̀ dúdú gbalasa láàárín wọn. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ní àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn: àwọn kan ní iná abẹ́ ilẹ̀ ló tú jáde, àwọn mìíràn ní òkúta ńláńlá ló já lù ú láti ojú òfuurufú. Bàbá fara mọ́ òkúta. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá kí wọn kú ìrọ̀lẹ́ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ òkúta kó tó délé.

Ọ̀rọ̀ yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oṣù wíwò lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1954, tí ààwẹ̀ kù díẹ̀, Álífà Lùkúmàn, ọ̀rẹ́ wọn tí kì í gbà fún wọn, dìde nípàdé. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹni tó ń rí ihò lára òṣùpá, ojú tirẹ̀ ni ihò wà. Sàlísù, òkúta tó bá fì wá láti ẹ̀gbẹ́ ńkọ́? Kí ló dé tí gbogbo ihò rẹ fi rí róbótó?"

Àwọn àgbà fún Bàbá lọ́jọ́ mẹ́jọ kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn, tàbí kí wọ́n fi oṣù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Fún ọjọ́ mẹ́fà, òjé àwọ̀n ni Bàbá ń jù sínú láfún Ìyá. Èyí tó bá fì wá láti ẹ̀gbẹ́ a máa fa ihò gbọọrọ. Lọ́jọ́ keje, ọdẹ kan yìnbọn nítòsí, Bàbá fò dìde. Wọ́n ní òkúta tó sáré bí ọta ìbọn wá kò ní dọ́gbẹ́ lásán. Bíbú ni yóò bú bí ẹ̀tù. Ohun tó bá sì bú, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ló ń tì bákan náà, ihò rẹ̀ á sì rí róbótó.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Bàbá gbé ọpọ́n láfún kan síwájú àwọn àgbà, wọ́n bu èédú lílọ̀ bò ó lójú, wọ́n ri ẹ̀tù mọ́ ọn nínú, wọ́n sì tiná bọ̀ ọ́. Ṣíbí kan ì bá tó. Mẹ́ta ni Bàbá bù.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ihò róbótó wà nínú ọpọ́n, etí rẹ̀ ga, ilà funfun sì ta yí i ká lórí èédú. Láfún tó kù wà lórí láwàní Álífà Lùkúmàn àti nínú irùngbọ̀n gbogbo ìgbìmọ̀. Àgbà kan sín, ẹ̀rín bá sọ.

Àwọn àgbà ní, "Sàlísù, ti òkúta, Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ dá. Máa bá oṣù lọ, kí ẹ̀tù dúró sílé."

Ìyá ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀. Lọ́jọ́ kọkànlá, Bàbá wakọ̀ lọ bá wọn, ṣùgbọ́n dípò ẹ̀bẹ̀, kòtò ni wọ́n gbẹ́ sétí ọ̀sà. Omi sun láti ìsàlẹ̀, ó kún un. Bàbá ṣàlàyé pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn òkúta tó tóbi jù ṣe: kòtò wọn jìn, òkúta yíyọ́ sun wá láti abẹ́, ó kún un, ó sì dì; òun ni dúdú tí à ń rí lójú òṣùpá.

Ìyá wo kòtò, wọ́n wo Bàbá. "Bàbá Bísíríyù, ta ni yóò gún láfún mìíràn?"

Bàbá ní àwọn ni yóò gún un. Wọ́n sì ń gún un títí ọlọ́jọ́ fi dé lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1959, lẹ́ni àádọ́rin ọdún.

Wọ́n fi Ìyá Àpínkẹ́ sáyé, àti àwọn ọmọ: Bísíríyù, Rọ̀kíbátù àti Mùlíkátù, ọmọ ọmọ mẹ́sàn-án, àti ọmọ odó kan tí ọwọ́ Bàbá ti mú dán.

Òní tí a pé jọ fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ tí a ó wá oṣù ààwẹ̀. Álífà Lùkúmàn ni yóò dúró síbi tí Bàbá ń dúró sí létí ọ̀sà. Ó ti ṣèlérí fún Ìyá pé bí òun bá rí i, ẹnu ọ̀nà ilé yìí ni òun yóò ti kọ́kọ́ kéde kí òun tó dé mọ́ṣáláṣí. Ìyá bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin náà ń rí àwọn ihò náà?"

Ó ní, "Ìyá Bísíríyù, láti ọjọ́ tí láfún yín ti kó sí mi lójú ni mo ti ń rí wọn."

Ẹ sùn re o, Bàbá wa. Kí Ọlọ́run fi Alùjáńnà kẹ́ yín. Kí ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ rọ̀ yín lọ́rùn bí láfún, kí òkúta kankan má sì já lù yín.