Àlùfáà Kelepi Taufahema: Ìpè Tó Gbé Wọn Dé Mildura

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1951 ni a bí Bàbá wa, Àlùfáà Kelepi Taufahema, ní Lotofoa, ní erékùṣù Foa ní ilẹ̀ Tonga. Saimone, apẹja tí òkun kì í bà lẹ́rù, ló bí wọn. Lupe ọmọ Pangai ni ìyá wọn.

Bàbá kàwé nílé ẹ̀kọ́ ìjọ, wọ́n sì gboyè àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì ní 1975. Lọ́dún kejì, wọ́n gbé Lesieli níyàwó, obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ pamọ́ sínú.

Ní 1989, àwọn ará Tonga tó ń ká àjàrà ní Mildura, ní Australia, ránṣẹ́ pe Bàbá. Inú abà ni ìjọ náà ti ń sìn, kò sì sí ẹni tó lè fi èdè wọn sin òkú wọn. Ìjọba Australia kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n ní àlùfáà pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ìjọ kò sinmi. Lẹ́yìn ọdún kan, àṣẹ jáde pé kí Bàbá kó ìdílé wọn wá, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ títí ayé.

Màmá Lesieli ní àwọn kò lọ. "Bàbá Vaiola, ẹ̀yin ni wọ́n pè. Ta ló pè mí?"

Bàbá kò bá wọn jà. Wọ́n ránṣẹ́ sí Mildura pé àwọn kò ní fi aya sílẹ̀ kí àwọn wá wàásù ìfẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí àṣẹ náà bá kú, kó kú. Nídìí kava, ohun mímu gbòǹgbò tí àwọn ọkùnrin Tonga máa ń pagbo mu, àwọn ọ̀rẹ́ ń bú wọn pé ìyàwó wọn ti di bíṣọ́ọ̀bù. Bàbá kàn ń rẹ́rìn-ín.

Màmá Siutiti, àgbà obìnrin ìjọ Mildura, ló wá tẹ Màmá Lesieli láago. "Ọmọ mi, àlùfáà la tọrọ, torí ìjọba ò ní físà tí a lè fi tọrọ ìyàwó àlùfáà fúnra rẹ̀. Ìwọ gan-an la ń wá. Àwọn ọmọ wa ń bímọ níbí, kò sí ìyá tó máa bá wọn wẹ̀ ẹ́." Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Màmá ń di ẹrù.

Wọ́n gúnlẹ̀ ní 1991. Bàbá kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì bíríkì, wọ́n sì bá àwọn olóko jiyàn títí ọjọ́ Àìkú fi di ọjọ́ ìsinmi fún àwọn tó ń ká èso. Ọmọ tí Màmá wẹ̀ kò lóǹkà.

Nígbà tí àìsàn dé, àwa ọmọ ti ń gbèrò bí a ó ṣe gbé wọn padà sí Lotofoa. Bàbá ní rárá. "Ibi tí mo sin àwọn èèyàn mi sí, ẹ sin èmi náà síbẹ̀."

Bàbá fi Màmá Lesieli sáyé lọ, pẹ̀lú Vaiola, Penisoni, Hepisipa, àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá.

Bàbá, ẹ sùn un re láàárín ìjọ yín. Kí ilẹ̀ Mildura tù yín lára o.