Àwọn Tó Ń Gbé Inú Àbàtà Wa

Ọmọ mi àtàtà, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ìyàwó rẹ le? Ọmọ-ọmọ mi ńkọ́, èyí tó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ níjọ́sí tó ní Màmá àgbà, òun ò rí oorun sùn nítorí ooru? Ẹ ó jí ire, ẹ ó sùn ire, ẹsẹ̀ yín ò ní kọ. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún òsì yìí tó máa ń sọ tẹnu rẹ̀ bí òjò bá fẹ́ rọ̀, àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, nítorí òjò gan-an ti di àlejò láàárín wa.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí o. Má wulẹ̀ wá ọwọ́ Tíṣà nínú rẹ̀. Tíṣà kíláàsì àgbà wa ní kí n mú un wá kí òun bá mi tún un ṣe, mo ní rárá, ọ̀rọ̀ ìyá sí ọmọ kì í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ibi tí o bá ti rí i pé mo pa ọ̀rọ̀ rẹ́, ibẹ̀ ni inú ti bí mi, kí n tó rántí pé ọmọ mi ni.

Fọ́ọ̀mù tí o fi rán awakọ̀ dé ọwọ́ mi. O ní kí n kàn tẹ àtàǹpàkò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, pé ẹni tó fẹ́ ra àbàtà tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ fún mi yóò wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì. Àtàǹpàkò kẹ̀? Lẹ́yìn ọdún méjì tí mo ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé, tí orúnkún mi ń kan àgbọ̀n mi? Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilẹ̀ òfìfo ni. Wọ́n tún béèrè pé ta ló ń gbé orí ilẹ̀ náà, kí a kọ wọ́n sílẹ̀, ìlà mẹ́ta péré ni wọ́n sì fi sílẹ̀. Èmi ò lè purọ́ fún ìwé. Mo wọ àbàtà lọ ní òwúrọ̀, mo jókòó sórí gbòǹgbò igi, mo ń kọ wọ́n. Ọ̀pọ̀lọ́, mi ò lè ka iye wọn, wọn kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ìgbín. Alákàn. Ẹja àrọ̀ tó ń yọjú wá mí. Lékeléke mọ́kànlá. Lámilámi, tọkọtaya. Ejò kan tí mi ò dúró béèrè orúkọ rẹ̀. Igi mẹ́rìnlélógójì, gbogbo wọn ni bàbá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ìlà mẹ́ta ò tó, mo fi ojú ìwé méjì kún un, mo sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀lọ́ lọ. Obìnrin kan wá láti ilé ẹ̀kọ́ gíga, Alápótí là ń pè é. Ó kó àpótí mẹ́jọ wá tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ó dojú wọn dé ilẹ̀ àbàtà, ó ní òun fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ṣe ń mí. Ó fi wọ́n sílẹ̀, ó lọ. Ní ọjọ́ kejì mo débẹ̀, mo bá wọn tí wọ́n ń làágùn nínú. Mo ní ẹ gbà mí o, ilẹ̀ ń kú lọ! Ta ló ń dé nǹkan tó ń mí mọ́lẹ̀ ní imú? Láti ọjọ́ náà, láràárọ̀ ni mò ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ilẹ̀, mò ń bẹ̀ ẹ́ kó má bínú sí wa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà Alápótí padà wá, ó wo ẹ̀rọ rẹ̀ títí, ó ní ohun kan rú òun lójú, pé bó bá ti di aago méje àárọ̀ ni ilẹ̀ yìí ń dákẹ́ mímí. Mo ní yóò dákẹ́ kẹ̀, ara ló tù ú. Mo fi abẹ̀bẹ̀ hàn án. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀ tòun ti aṣọ funfun lára, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín tàbí ẹkún ló ń sun. Ó ní Màmá, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ fẹ́ dànù yẹn. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó fà mí dìde, ó sì jókòó là mí lóye.

Ó ní ewé tó ti ń já bọ́ sínú àbàtà láti ayé baba ńlá wa ṣì wà lábẹ́ omi níbẹ̀, omi ni kò jẹ́ kí wọ́n jẹrà tán. Bí omi bá gbẹ, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, èémí wọn á gòkè lọ, kábọ́ọ̀nù ló pe ohun tó wà nínú rẹ̀, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi. Èémí náà á ṣù jọ lókè, á dà bí aṣọ ìbora lórí ayé, ooru ò ní ráyè jáde. Ooru náà á tún gbẹ àbàtà mìíràn, ìyẹn náà á mí tirẹ̀ sókè, aṣọ ìbora á tún nípọn sí i. Igi tó yẹ kó máa fa èémí náà mọ́ra, ooru á pa á, òun náà á jẹrà, á di ara ohun tó ń pani.

Mo ní Alápótí, mo mọ ìjà yẹn. Mo ròyìn èyí tí èmi àti àbúrò bàbá rẹ obìnrin jà fún un. Orí ìgbálẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ju ìgbálẹ̀ mi síta, mo kọrin, ó húkọ́ sí orin mi, mo gbá ilẹ̀kùn, ó gbá tirẹ̀, ọdún mẹ́rin la ò fi kí ara wa. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ìgbálẹ̀ ti gbó tán, ìjà ṣì ń bọ́ ara rẹ̀. Alápótí ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Màmá, òun ì bá ti mú mi lọ sí kíláàsì òun.

O rántí ìdajì àbàtà tó jẹ́ ti Káfíńtà. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ó la kòtò sí i, omi ṣàn lọ, ó dáná sun ún. Iná náà wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ, ogójì ọjọ́ ló fi ń rú èéfín láìsí ẹni tó rí ọwọ́ iná. Ní báyìí kànga rẹ̀ ti gbẹ, kéègì méjì ló ń gbé wá sí kànga wa láràárọ̀, kì í lè wo ojú mi. Alápótí gbé àpótí lọ sí ìdajì ti Káfíńtà, ó ní èémí tó ń jáde níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta tiwa. Igi bàbá rẹ mẹ́fà tó wà létí ààlà ti ń gbẹ láti orí. Àbàtà ta kété bí ẹni tí kò bá odò tan; àwa náà rò pé a ò bá Káfíńtà tan.

Ọkọ mi, o ní owó ilẹ̀ yìí lo fẹ́ fi ra amúlétutù, àti jẹnẹrétọ̀ tí yóò máa gbé e, kí ọmọ lè sùn. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹkún ọmọ náà ṣì wà létí mi. Mo bi Alápótí bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣe é. Ó ní ó ń kó ooru inú yàrá, ó ń tì í jáde sẹ́yìn fèrèsé. Mo ní ta wá ló ń gbé ẹ̀yìn fèrèsé? A ó ta ibi tí ìtura ti ń wá ká lè ra ẹ̀rọ ìtura, ẹ̀rọ á mu epo, èéfín á gòkè, ooru á lé sí i, a ó tún máa wá ilẹ̀ mìíràn tà. Èwo ló kù?

Mo bi í pé bí a bá pa tiwa mọ́, ṣé òjò á padà sí bó ṣe wà. Ó ní òun ò ní purọ́ fún mi, tiwa kéré, ìjà náà ti lọ jìnnà. Mo ní ọwọ́ kan ò gbé igbá dórí lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò ní tìtorí ìyẹn gé tèmi.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo ṣe. Alápótí mú ìwé kan wá pé fún ọdún mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni ò ní la kòtò síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní dáná sí i. Mo kọ orúkọ mi sí i, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì, gbogbo lẹ́tà náà dúró tì mí títí mo fi kọ ọ́ tán. Òun ni ìwé àkọ́kọ́ tí mo buwọ́ lù láyé mi. Mo sì ń dá fọ́ọ̀mù tìrẹ padà pẹ̀lú orúkọ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Àyè ìbuwọ́lù ni mo fi sílẹ̀ lófìfo. Má rò pé n kò mọ̀ ọ́n kọ.

Má bínú sí mi. Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, fi ọmọ náà ránṣẹ́. Fèrèsé yàrá mi dojú kọ àbàtà, yóò sùn. Fi owó bàtà rọ́bà kan ránṣẹ́ pẹ̀lú, torí èmi ni Alápótí fi ìwọ̀n omi sí lọ́wọ́, láràárọ̀ ni mò ń wọ omi lọ ka igi ìwọ̀n. Má fi owó náà sínú fóònù mọ́ o. Èyí tí o fi sí i níjelòó, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀.

Omi ò ní gbẹ ní ìdí rẹ. Ohun tí o bá ń wá, kò ní jẹ́ pé ohun tó ti wà lọ́wọ́ rẹ tẹ́lẹ̀ lo máa fi ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Ọmọ rẹ yóò dàgbà, yóò bá ilẹ̀ nílẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.

Mo gbàgbé: omi àná, ìka mẹ́rìnlá. Omi òwúrọ̀ yìí, ìka mẹ́rìnlá. Kò tíì fà.