Okùn Tó Mọ Ìgbóná Ju Ọwọ́ Mi Lọ

Sángo-Ọ̀tà,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Òkúdu, 2013.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ayọ̀,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ oògùn? Ṣé ara Bọ̀dá le? Ara tiwa náà le níbí, a dúpẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fa lẹ́tà oṣù tó kọjá ya, èyí tí mo ti ní kí Ayọ̀kúnnúmi fi ẹ̀kọ́ físíìsì sílẹ̀, pé okùn ló ń fi ṣeré ní yunifásítì. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù káàkiri Ọ̀tà bí olú, èmi a máa bèèrè ìwúlò wọn fún àwa tá à ń fi irin jẹun. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àṣé àkísà ni mo fi ń yangàn!

Ẹ mọ̀ pé àlòkù irin là ń yọ́. Páìpù kọ́pà tí iná mànàmáná ń gbà ló yí ìléru wa ká, omi tó ń ṣàn nínú rẹ̀ ló sì ń mú un tutù. Bí omi náà bá gbóná jù, páìpù lè bẹ́. Bí omi bá sì kan irin yíyọ́, gbàù ni yóò bú mọ́ ẹni tó wà lókè. Fàlílù, ọmọ Ìsẹ́yìn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ló máa ń dúró lókè náà. Mítà tí wọ́n bá gbé síbẹ̀, agbára iná á dà á lórí rú. Nítorí náà, àtẹ́lẹwọ́ mi ni wọ́n ti gbára lé láti ọdún mọ́kàndínlógún. Mo máa ń gbé e lé páìpù tí omi ń gbà jáde. Tí mo bá ní ó dáa, iṣẹ́ ń lọ.

Ayọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ máníjà, ó gbé okùn rẹ̀ dé. Okùn oníke tín-ín-rín ni, bí okùn ìwọ̀ apẹja. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà ìléru ò rí i dà rú. Ó wé e mọ́ páìpù náà. Bí páìpù bá ṣe ń gbóná sí i, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lápá kejì á máa dín kù, ẹ̀rọ kékeré tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò á sì sọ bó ṣe gbóná tó. Ọmọ yín tí kì í se ìrẹsì kó má jóná!

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó pariwo: “Ọ́ńkù, ẹ ní kí wọ́n pa ìléru! Ó ti lé ní àádọ́rin dígírì!” Mo gbọ́wọ́ lé páìpù. Fàlílù bi mí látòkè pé, “Bàbá, how far?” Mo ní kò sí wàhálà. Ayọ̀ wojú mi, kò bá mi jiyàn, ó sáré lọ tẹ bọ́tìnì pupa. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí. Nígbà tí wọ́n tú páìpù, ìpẹtà ti dí i, ó ku bí ojú abẹ́rẹ́. Máníjà bọ ọmọ yín lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, orí mi wú.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí àtẹ́lẹwọ́ mi ti yi, tí kò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù mọ́. Mo mọ̀. Ẹ̀rù pé wọ́n á dá mi dúró ló ń jẹ́ kí n máa ní ó dáa. Ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi ń ta tẹ́tẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo jẹ́wọ́ fún máníjà àti Fàlílù. Máníjà ní kí n lọ máa bá wọn gbé àlòkù irin lé ìwọ̀n ní géètì.

Ọlọ́run tó fi Ayọ̀ ta yín lọ́rẹ á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè rẹ̀ pẹ́. Ẹ ò ní fi ọ̀pá rìn.

Èmi ni àbúrò yín tí ojú ń tì, tí inú rẹ̀ sì ń dùn,
Dúrójaiyé.

Àfikún: Ọjọ́ Ajé ti dé kí n tó fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti jẹ́wọ́, Fàlílù ò bá mi sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ yìí, mo di kọ́ọ̀pù irin tí mo bu tíì sí mú ní géètì. Ó rìn wá, ó fi aṣọ ìnujú rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Bàbá, ó gbóná. Ẹ jẹ́ n bá yín mú un.”